Oòrùn Ń Fọ́ Òkúta, Àwa Náà Ń Fọ́ Ọ

Ẹni tó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè rí, nítòsí Ìsẹ́yìn, á mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Téèyàn bá ti wo adágún Ìyàkẹ́ tó jókòó sórí àpáta bí omi inú àwo, kó bojú wo ibi tó dúró sí. Òkúta náà ń bó bí alùbọ́sà. Awẹ́ kan á ti ṣí kúrò lára ìyá rẹ̀, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, á dún bí igbá òfìfo.

Kò sẹ́ni tó bó o. Abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta yìí ti di òkúta, níbi tí ẹrù ilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí òjò gbá ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ, ìdè tú, ó wú, ó sì là. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn a máa yan án lọ́sàn-án, ọyẹ́ a máa mú un lóru. Òjò á wọ ojú ibi tó sán, á sọ apá kan di amọ̀. Èyí tó le jù, tó ń dán yinrin, á ṣẹ́kù bí iyanrìn. Odò Ògùn, tó ṣẹ̀ láti ìhà Ṣakí tiwa, á gbé e, á máa gbé e lọ síhà ọ̀sà Èkó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

"Ká pẹ́ bí òkè" làwọn àgbà fi ń wúre fún wa. Nígbà àwọn ogun ayé ijọ́un, orí òkè lọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn sá sí. Òkè náà ò wà títí láé ṣá o. Ó kàn pẹ́ jù wá lọ ni.

Àmọ́ ẹ̀yìn ìlú la ti rí ohun tó gbé ìbéèrè wá. Àwọn tó ń fọ́ òkúta á to taya àlòkù sórí àpáta, wọ́n á dáná sí i. Tó bá gbóná tó là, wọ́n á ti irin bọ̀ ọ́, wọ́n á fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tipa á wá kó o. A kí bàbá kan níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òkè yìí ò ní tán báyìí?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin akọ̀wé lẹ ní oòrùn ń fọ́ ọ. Kí lèmi wá ṣe tí oòrùn ò ṣe?"

A ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bí nǹkan bá máa bàjẹ́ bó pẹ́ bó yá, kí ni ẹ̀bi ẹni tó kàn mú un yá?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé odò dé etíkun ná, níbi tí irú ẹjọ́ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lẹ́bàá Èkó, ìgbì òkun ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Èyí tó bá kó lọ lónìí, òmíràn á wá rọ́pò rẹ̀. Láti 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀sà, kí ọkọ̀ ojú omi lè rọ́nà wọlé. Àpáta Arò l'Abẹ́òkúta ni wọ́n fọ́ fún un, rélùwéè ló sì rù ú. Bí iyanrìn ṣe jókòó sí ìwọ̀-oòrùn ògiri nìyẹn. Lápá kejì, ní Bar Beach, òkun ń kó, kò sí ohun tó ń dá a padà, títí omi fi ń ya wọ títì Ahmadu Bello. Wọ́n da iyanrìn síbẹ̀ títí, ó sú wọn. Lónìí, Eko Atlantic àti ògiri rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ará Òkun Alfa tó wà níwájú sì ń ké pé òkun ń jẹ ilé àwọn.

Ṣé ìgbì la ó mú? Iṣẹ́ tó ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó dé náà ló ṣì ń ṣe. Àwa la yí ohun tó ń bá pàdé padà. Ká tiẹ̀ ní àwọn tó kọ́kọ́ mọ ògiri ò mọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn fojú rí i. Oòrùn ò lè mọ̀. Ìyàtọ̀ tí a rí nìyẹn, ó sì korò, torí kì í ṣe bàbá nìkan ló mọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú ìpìlẹ̀ ilé tí a ti ń kọ èyí. Owó ọwọ́ wa la fi rà á. Ní Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 sórí ilẹ̀ ẹrẹ̀, òkun ń gbé ilé mì. Èwo ni wọ́n fọ́ nínú òkè ẹnikẹ́ni? Ẹni tó jẹ gbèsè kọ́ ni wọ́n ń sìn ín lọ́wọ́ rẹ̀.

A padà lọ bá bàbá lọ́dún yìí. Ó ti sún síwájú. Ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀ ti di kòtò, òjò ti rọ̀ sínú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí èsì ọ̀rọ̀ mi?" A ní oòrùn ò mọ ohun tó ń ṣe, àmọ́ àwa mọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ṣẹ́ná sí taya. "Ẹ sún sọ́dọ̀ọ́ mi níbí," ó ní, "kí èéfín má baà bò yín."