Ìfaradà: ṣé ti ewéko ni àbí ti ilẹ̀?

Nínú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn tí àwọn ọmọ wa ń kà ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a ronú lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà ni vivace. Wọ́n ń lò ó fún ewéko tí kì í parun lẹ́yìn ìtànná kan tàbí ìkórè kan, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wà láàyè lábẹ́ ilẹ̀, tí ó sì ń hù padà lọ́dọọdún. Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn. A máa ń sọ pé ọmọ yìí ní ìfaradà, pé tọ̀hún kò ní in. Bí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a ti dájọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ béèrè: ṣé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé wá sáyé ni ìfaradà, bí ó ti gbé ojú àti imú rẹ̀ wá, àbí ọwọ́ ilẹ̀ tí a gbìn ín sí ni ó wà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ láti ọ̀nà jíjìn. Òdòdó kan wà tí a ń pè ní delphinium, tí àwọn Faransé tún ń pè ní pied-d'alouette. Láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nítorí pé ẹ̀hù òdòdó náà tí kò tíì là jọ ẹran omi tí wọ́n ń pè ní dauphin. Igi rẹ̀ lè ga tó mítà 2, òdòdó rẹ̀ a sì to lé ara wọn láti àárín dé ṣóńṣó, òmíràn dúdú bí aró, òmíràn funfun. Ní ìlú Nancy, ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀gbẹ́ni Victor Lemoine ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó ń da oríṣi kan pọ̀ mọ́ òmíràn títí ó fi rí àwọn tí ó rẹwà jù ti àtijọ́ lọ.

Nígbà tí òtútù bá dé sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí a ń rí lára delphinium a gbẹ, a sì wó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní ó ti kú. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ń sùn lábẹ́ òjò dídì, ó sì lè fara da òtútù tí ó tó ìwọ̀n 30 sí ìsàlẹ̀ òdo. Bí oòrùn bá padà, ó tún yọ. Àwọn olùtọ́jú ọgbà ibẹ̀ ń pè é ní alágbára, wọn kò sì purọ́.

Ẹ wá gbé alágbára yìí wá sí Manigri. Kò sí òtútù tí yóò fi sùn. Ooru oṣù kẹta kò ní jẹ́ kí ó sinmi lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni òru kò ní tù ú tó. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ dànù. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ó kọ̀ ọ́. Lórí àwọn òkè gíga Kẹ́ńyà àti Etiópíà, níbi tí òru ti ń tutù, àwọn delphinium kan wà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ibẹ̀ gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá láti Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìran. Ti ibi tí gbòǹgbò wà ni.

Ẹ wá wo iṣu tiwa. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ a pọ́n, ìtàkùn rẹ̀ a gbẹ. Iṣu fúnra rẹ̀ a sùn. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ó lè kọjá láìsí òjò tó jọjú, síbẹ̀ bí àkókò bá tó, orí iṣu a máa hù nínú àká, nígbà mìíràn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ fi iṣu yìí sílẹ̀ nínú ilẹ̀ ní Nancy: òtútù tí ń sọ omi di yìnyín yóò bà á jẹ́. Nínú iṣu àti delphinium, èwo ni ó lágbára jù? Ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn, nítorí ẹni tí ó bi í kò tíì sọ ibi tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. “Ọ̀lẹ” jẹ́ orúkọ. “Aláìlágbára” jẹ́ orúkọ. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ń ti abà wọ inú sixième ní Manigri àti ní Bassila. Òmíràn háyà yàrá, ó ń dáná fúnra rẹ̀, ó ń pọn omi, kò sì sí àgbà tí ó lè bi léèrè bí ẹ̀kọ́ bá rú u lójú lálẹ́. Nàgó ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, tàbí Anii. Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò kì í ṣe èyí tí ó fi ń lá àlá. Ọmọ tí ó mọ oríṣi iṣu tí ó wà nínú ebè kọ̀ọ̀kan lóko baba rẹ̀ di ẹni tí a ń sọ pé orí rẹ̀ kú. Èmi kò sọ pé máàkì rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Máàkì sọ ohun tí ọmọ ṣe lórí ilẹ̀ yìí, ní àsìkò yìí. Kò sọ irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́.

Ẹnì kan yóò tako mi pé: “Ọ̀lẹ ni ìwọ ń wá àwáwí fún. Ọmọ méjì ń gbé yàrá kan, wọ́n ń lo àtùpà kan, ọ̀kan yege, ìkejì kùnà.” Àtakò yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín bò ó. Lóòótọ́, ènìyàn kì í ṣe ewéko. Ewéko kò lè rìn, kò sì lè sọ pé omi kò dé òun. Ọmọ ènìyàn lè ṣe méjèèjì, nítorí náà ó ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi àti nínú ìyìn. Ṣùgbọ́n bí irúgbìn kan bá hù lórí ebè tí kò dára, kò fi hàn pé ebè náà dára. Ó fi hàn pé ẹyọ kan rí i fara dà. Ẹni tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó lè tún ebè ṣe. Ẹ̀bi rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju ti ẹni tí a gbìn sínú ebè lọ.

Kò túmọ̀ sí pé kí a má bá ọmọ wí. Ìbáwí wà nínú iṣẹ́ ọgbà pẹ̀lú. Bí delphinium bá ti tanná tán, olùtọ́jú rẹ̀ a gé e sílẹ̀, a fún un lómi àti ajílẹ̀, ó sì lè tún tanná kí òtútù tó dé. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ irú ọgbọ́n yìí. Ní nǹkan bí oṣù keje tàbí ìkẹjọ, wọ́n á rọra tú ẹ̀gbẹ́ ebè láboko, wọ́n á gé iṣu ńlá fún jíjẹ, wọ́n á fi orí àti gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì da erùpẹ̀ padà. Kí ọyẹ́ tó dé, ìtàkùn kan náà ti so àwọn iṣu kéékèèké tí wọn yóò fi ṣe èbù lọ́dún tí ń bọ̀. Ọ̀bẹ ni méjèèjì lò, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró ni. Ẹni tí ó bá fa ìtàkùn náà tu ní oṣù keje rí iṣu kan jẹ, kò rí èbù gbìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, tí a ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Kí ìjókòó conseil de classe tó kọ orúkọ ọmọ kan sílẹ̀ fún lílé, ó yẹ kí a béèrè ohun mẹ́ta. Ìbáwí tí a fi jẹ ẹ́, ṣé ó fi gbòǹgbò sílẹ̀? Lẹ́yìn tí a gé e, ta ni ó da erùpẹ̀ padà? Ṣé àsìkò ṣì kù fún un láti tún hù? Bí a bá dáhùn tán tí ó sì jẹ́ pé gbogbo wa ti ṣe ipa tiwa, a lè sọ̀rọ̀ nípa ìwà ọmọ náà pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn mímọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ní yàrá tí ó ṣófo, iná tí ó dára, ọmọ tí ó ti gba BEPC tí ó lè kọ́ àbúrò. Erùpẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ sí Parakou, Abomey-Calavi tàbí òkè òkun, ọjọ́ kan lè dé tí a ó pè yín ní aláìlágbára lórí ilẹ̀ tí ẹ kò tíì mọ̀. Ẹ má tètè gbà á gbọ́. Ẹ wádìí ohun tí ilẹ̀ náà ń béèrè, ẹ sọ ohun tí ó kù fún yín, kí ẹ sì ṣe ìpín tiyín láìfi ilẹ̀ bojú.