Odù wo ló sọ gbágùúdá lórúkọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní Ìgàndó níbí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, odù wo ló sọ gbágùúdá lórúkọ?" Ó ti rí ẹsẹ kan lórí fóònù ẹ̀, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló kọ́kọ́ gbìn ín. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ o. Ìhà Brazil lọ́hùn-ún ni pákí ti ṣẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e dé Áfíríkà lẹ́yìn 1500. Nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà wá sí Èkó, pàápàá lẹ́yìn ìjà Bahia ní 1835, ọgbọ́n à ń rin ín, à ń fún omi oró inú ẹ̀ dànù, à ń yan án, ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ rọra pe gbágùúdá: ṣé ẹ ò gbọ́ Àgùdà nínú ẹ̀? Èmi gbọ́ ọ. (Ẹ̀gẹ́, ìyẹn dọjọ́ mìíràn.) Iṣu tuntun la ṣáà ń fún Ifá ká tó fẹnu kàn án, kì í ṣe pákí.

"Ṣé èyí ò ní bu Ifá kù, sà?"

Mo ní ẹni tó hun ẹsẹ irọ́ ló bu Ifá kù. Bí ẹ̀yin ọmọ yunifásítì bá já irọ́ kan, ta ni yóò tún gba òótọ́ mẹ́rìndínlógún gbọ́ lẹ́nu wa?

Ó pa ẹsẹ náà rẹ́ lójú mi. A jọ mu gàrí.