Bí Ọ̀bẹ Ti Mú Tó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀bùn, Ọ̀gá àti Fírídọ̀mù

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn àgbà kò pa òwe yìí láti fi bu ọ̀bẹ kù, nítorí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà pé ó mú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀bùn tí Elédùmarè fi jíǹkí ẹ̀dá, bó ti wù kó pọ̀ tó, ń fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn kí ó tó di ohun tí a lè fi ṣiṣẹ́ jẹun. Inú ìmọ̀ yìí ni ètò ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ti jáde, ìyẹn ètò tí ọmọ fi ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún bíi mélòó kan, tí ó ń gbálẹ̀, tí ó ń jíṣẹ́, tí ó sì ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó fi í lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀bùn kò jìnnà sí orí nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, orí tí í ṣe ìpín tí ẹ̀dá yàn nílé Àjàlá alámọ̀ kí ó tó wá sáyé. Ṣùgbọ́n Ifá kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí orí nìkan. Ó fi ẹsẹ̀ kún un, ẹsẹ̀ tí í ṣe àmì akitiyan ọmọ ènìyàn, ó sì fi yéni pé orí rere tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tó ń lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ọmọ tó mọ nǹkan ṣe, tó sọ pé "ó bá a wáyé ni," tó sì dákẹ́ síbẹ̀, kò tíì sọ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, gbajúgbajà agbẹ́gilére ará Ìlá-Ọ̀ràngún tó papò dà lọ́dún 2009, kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ síbẹ̀. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, láti kékeré ni ó sì ti ń gbẹ́gi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀; síbẹ̀, nígbà tó dàgbà tán, ní nǹkan bí ọdún 1949, ó tún lọ tẹrí ba fún Bándélé, ọmọ Àrẹògún agbẹ́gilére, ní ibùdó iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì ṣe ọmọ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní: ọnà lílé, tí í ṣe fífi àáké gé ìtì igi sí ìrísí ère, àlétúnlé, níbi tí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń yọ, dídán, níbi tí ọ̀bẹ ti ń mú ara ère jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí í ṣe fífín irun, ilà ojú àti aṣọ sí i lára. Ọ̀gá ló sábà máa ń mú ọnà lílé ṣe, nítorí pé àáké tó bá ṣìnà níbẹ̀ ti ba odindi igi jẹ́. Ẹ̀yìn ni ọmọ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí àṣìṣe kò ti gbówó lérí púpọ̀, á sì máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó gba ọ̀nà yìí kọjá ló padà wá ń kọ́ni ní fásitì Ilé-Ifẹ̀.

Ti Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀ tó kú lọ́dún 1938, tún gba ibòmíràn yọ. Ẹmẹsẹ̀, ìyẹn ìránṣẹ́ ààfin, ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ Arinjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, kí ọba náà tó gbé iṣẹ́ ọnà fún un, ìlẹ̀kùn tó sì gbẹ́ fún ààfin Ọgọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn Wembley ní London lọ́dún 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ká ní Arinjalẹ̀ kò lójú, iṣẹ́ jíjẹ́ kiri ni ọkùnrin náà ì bá bá dàgbà.

Ohun tó wá ń ba ni lọ́kàn jẹ́ lóde òní ni fírídọ̀mù àpàpàǹdodo. Fírídọ̀mù ni ayẹyẹ tí ọ̀gá fi ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀: ọmọ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á gbàdúrà fún un lójú òbí àti ará àdúgbò, á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Láyé àtijọ́, ìparí iṣẹ́ ni ayẹyẹ náà. Ní báyìí, òun gan-an ti di iṣẹ́. Ọmọ tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń yan àǹkò, ìyá rẹ̀ ti san àsansílẹ̀ owó kánópì, àwọn ọ̀rẹ́ ti ń dá owó jọ fún ràísì àti ẹran, ọ̀gá tó sì yẹ kó kọ̀ ti ka owó fírídọ̀mù sápò, ó ti gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ gé bàjẹ́, tí ọ̀gá tú, tí wọ́n sì tún un rán, ni àkísà tí òwe yìí ń wí, òun sì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ ní.

Òǹkọ̀wé yìí fojú ara rẹ̀ rí èyí ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ mú ju tépù lọ: bí oníbàárà bá ti ń wọlé, á ti sọ ìbú èjìká àti gígùn apá rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì wọ̀n ọ́n, kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó ń sọ ọ́ kiri. Kò pé ọdún kan tí ọmọ náà fi ṣe fírídọ̀mù, tí ó sì gba agbádá ìyàwó gbígbé lọ́wọ́ oníbàárà. Ojú mọ ìwọ̀n, ọwọ́ kò mọ gígé: ọrùn agbádá náà fẹ̀ débi pé èjìká kan ń yọ́ bọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ ìyàwó bá dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àna rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yìí pa àlùmọ́gàjí tì, ó lọ kọ́ gèlè wíwé, ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ kéèkì yíyan. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó lé mẹ́ta.

Kì í sì í ṣe ọmọ nìkan ló jẹ̀bi fírídọ̀mù àpàpàǹdodo yìí, nítorí àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń fi ọdún méjì sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ń rán an lọ́jà, tí wọ́n ń fún un lọ́mọ pọ̀n, tí wọ́n sì ń gé aṣọ lóru kí ó má baà rí i. Ọmọ tó sá kúrò lọ́dọ̀ irú wọn kò ṣẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin òbí lọ bá ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó sanwó àǹkò. Ẹ ra ọ̀pá aṣọ mélòó kan dání, ẹ gbé e fún ọmọ yín, kí ó wọn ènìyàn kan, kí ó gé e, kí ó rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọ̀gá má sì dá sí i. Bí kò bá tíì lè ṣe é, ẹ gba owó kánópì yín padà, kí ọmọ náà sì padà sídìí ẹ̀rọ.