Ó Ha Yẹ Kí A Tún Padà Sí Ilé Oúnjẹ Tí Ó Já Wa Kulẹ̀ Bí?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn kan lè fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n tí àwa rò pé ó yẹ fún ìwé yìí. Bí ènìyàn bá ti Ìkirè tàbí Apòmù lọ sí Ìbàdàn, tí ó wọ ilé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá, tí ó san owó gọbọi, tí a sì mú un dúró pẹ́ títí kí a tó gbé ọbẹ̀ tútù àti ẹran líle wá síwájú rẹ̀, ó ha yẹ kí ó tún fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ bí? Àwọn kan yóò wí pé ọ̀ràn ikùn ni èyí, kì í ṣe ọ̀ràn ọkàn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Níbikíbi tí ẹnìkan bá ti gba owó ẹnìkejì rẹ̀ tí ó sì ti ṣe ìlérí fún un, ọ̀ràn òdodo ti dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdáríjì yàtọ̀ sí ọjà rírà. Gbèsè ni ìdáríjì jẹ́ lọ́rùn Kristẹni, kò sì yẹ kí a di alásè sínú nítorí ọbẹ̀. Síbẹ̀ ìdáríjì kò sọ ẹnikẹ́ni di oníbàárà títí láé. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan kò dẹ́ṣẹ̀ bí ó bá fi owó oúnjẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ra ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé dandan ni kí a padà ń di ẹrù tí Olúwa kò dì rù wá.

Kí tilẹ̀ ni ohun tí ń bí wa nínú? Ṣé ọbẹ̀ tútù náà ni, tàbí ọlá tí a rò pé owó wa ti rà, tí a kò sì rí gbà? Bí obìnrin tí ń ta dòdò ní ẹ̀bá títì Ìkirè bá bù ú ní iyọ̀ jù lónìí, lọ́la a ó tún dá ọkọ̀ dúró níwájú rẹ̀, a ó bá a ṣe àwàdà, a ó sì tún tọrọ èènì. Ilé ńlá nìkan ni a kì í fún ní ọ̀la. Òtítọ́ ni pé ẹni tí ó gba owó púpọ̀ ni a ó béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tí ó gbé àwo náà wá lè má tíì pé ọ̀sẹ̀ kan nídìí iṣẹ́, díẹ̀ ni yóò sì kàn án nínú owó tí a san. Bí ìbínú wa bá sì dé, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lé.

Dòdò tí a mẹ́nu bà yìí ní ohun tí ó lè sọ fún wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ìbá dà nù, ni a fi ń ṣe é. Wọ́n a máa ròyìn pé ìyá àgbà kan tí kò ní òmíràn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tà á bí ó ti wà: ata àti iyọ̀ a wọ̀ ọ́, yóò sì wà nínú epo gbígbóná títí yóò fi dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùtọ́jú ọgbà tí ó bẹ̀bẹ̀ fún igi ọ̀pọ̀tọ́ nínú òwe Olúwa wa. Ọdún kan péré ni ó tọrọ, ó sì ṣèlérí pé òun yóò walẹ̀ yí i ká, òun yóò sì bu ìlẹ̀dú sí i. Ẹni tí ó padà sí ilé oúnjẹ láìsọ àbùkù fún onílé kò walẹ̀ rárá. Ìjókòó nìkan ni ó tún lọ jókòó.

Ibí ni àwa rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kùnà. A ó jẹun tán, a ó dúpẹ́, a ó jáde; nígbà tí a bá délé, a ó sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn àfi ẹni tí ó lè tún un ṣe. Kí a má sì rò pé ohun kékeré ni àwíyé tí kò sí láàrin òǹtajà àti òǹrajà. Ní ọjà Apòmù níhìn-ín, ní nǹkan bí 1820, ni ará Òwu kan àti ará Ìjẹ̀bú kan ti jà lórí iye atare, gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti ròyìn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. A mọ̀ pé ìbínú nítorí jíjí ènìyàn tà ti wà nílẹ̀ kí atare tó dé. Ṣùgbọ́n atare tí a ìbá tún dà sílẹ̀ kà ni ó ṣí ìlẹ̀kùn fún ogun tí ó fọ́ ìlú Òwu.

Nítorí náà, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó pe onílé sí apá kan, kí ó sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kì í ṣe lójú ọmọ ọ̀dọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, kí ó tún lọ, kí ó sì béèrè oúnjẹ kan náà gan-an. Bí ó bá rí i pé ọbẹ̀ ti gbóná, ogún ènìyàn tí ó ti ròyìn ọbẹ̀ tútù fún ní ìpàdé àwọn olùkọ́ ṣì wà níbẹ̀. Kí ó tún lọ bá wọn. Bí ó bá sì tún tutù, kí ó san owó rẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ Ìkirè: dòdò ń bẹ ní ẹ̀bá títì.