Ojú Ẹja, Ojú Ará Ọ̀tà

Odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Àdúrà la sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. A kì í bi ara wa pé ta gan-an ni ẹja. Ọmọ Makoko létí ọ̀sà tó ń wa ọkọ̀ ojú omi láti kékeré, ẹja ni. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Sàngó-Ọ̀tà ńkọ́? Lóòótọ́, ìtàn Àwórì, àwọn onílẹ̀ Ọ̀tà, ní Ògúnfúnminire baba ńlá wọn tẹ̀lé àwo lójú odò dé Ìṣẹrí, ṣùgbọ́n mímọ omi kì í ṣe ogún.

Kí òṣìṣẹ́ yẹn lọ kọ́ ọ ni. Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ onígbòkun, ti wà l'Ékòó láti 1932. Nínú ẹ̀kọ́ ọkọ̀ onígbòkun, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé: akẹ́kọ̀ọ́ á wọ ẹ̀wù amúniléfòó, á gun pákó abẹ́ ọkọ̀, á fi ìwúwo ara rẹ̀ gbé e dìde. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè dojú kọ atẹ́gùn tààrà; á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, bíi dánfó lábẹ́ bíríìjì Sàngó. L'Ékòó, láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti sábà ń fẹ́ wá; ibẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ wò kó tó fọwọ́ kan okùn.