Ìrísí Yàtọ̀ sí Ẹ̀mí



Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdírì ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ilé kéú. Wọ́n ní iyọ̀ kan wà tí a bá jù ú sínú omi, á hù bí igi. Ṣé iyọ̀ náà ní ẹ̀mí ni?

Òótọ́ ni pé ó ń hù. Ẹni tó bá ń se ọṣẹ mọ sílíkéètì, omi tó ki tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ. Bí a bá fi omi là á sínú ìgò, tí a sì sọ horo kọ́pà súlféètì sí i, èyí aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ nílé fi ń fín kòkó, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bo horo náà. Omi á gba ara awọ wọlé, awọ á wú, á bẹ́, ohun tó tú jáde á tún di awọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yọ ẹ̀ka lọ sókè. Stéphane Leduc, oníṣègùn ará Faransé, rò ní nǹkan bí 1910 pé irú èyí lè fi bí ìwàláàyè ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn wá. Ṣùgbọ́n igi inú ìgò kò bímọ. Bí iyọ̀ bá tán, ó parí.

Ìrísí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá. Ní oṣù kẹwàá 1962, òkúta kan já láti ojú ọ̀run sí Zagami ní ilẹ̀ Kàtsínà, nítòsí àgbẹ̀ kan tó ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo. Ó tó kìlógíráàmù 18, láti Mars ló sì ti wá. Òkúta mìíràn láti Mars, tí wọ́n rí ní Antarctica ní 1984, ni àwọn onímọ̀ NASA gbé jáde ní oṣù kẹjọ 1996: wọ́n ní àwọn rí ohun tó jọ àmì kòkòrò tíntìntín nínú rẹ̀. Ààrẹ Clinton pàápàá sọ̀rọ̀ lé e. Àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ kò gbà. Ní 2022, àyẹ̀wò kan fi hàn pé omi àti òkúta lásán lè pa àwọn èròjà inú rẹ̀ pọ̀.

Èyí kò yẹ kó ṣòroó yé ará Onitsha. Nígbà tí NAFDAC ti ọjà oògùn Bridgehead pa ní oṣù kejì 2025, ayédèrú oògùn ni wọ́n ń wá. Páálí lè bára mu, àwọ̀ lè bára mu, àyẹ̀wò ló ń sọ ohun tó wà nínú.

Àwọn kan ní ká sọ fún ọmọ pé irọ́ ni, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má baà mì. A kò fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ tí a bá já nírọ́ lórí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, ṣé yóò gbà wá gbọ́ lọ́jọ́ tí a bá ń sọ ti Àlùjánnà? Imāmu Ghazālī, tó kú ní 1111, ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sìn tako ohun tí ìṣirò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa òṣùpá tó ń bo òòrùn, ẹ̀sìn gan-an ló ń pa lára. Àlùkùránì sọ pé láti inú omi ni Ọlọ́hun ti ṣe gbogbo ohun abẹ̀mí. Bí àwọn onímọ̀ bá rí ọ̀nà tó gbà lọ́la, iṣẹ́ Rẹ̀ náà ni wọ́n rí. Amọ̀ tí Ànábì Ísà mọ sì ti ní ìrísí ẹyẹ kí ó tó di ẹyẹ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ dán ti ìgò wò, kí àgbà wà níbẹ̀. Sílíkéètì ń ta ojú, májèlé sì ni kọ́pà yẹn.