Ìfun Inú Èèrà

Bí a bá fara balẹ̀ tú èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ìṣòro ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, pé kó ṣáà ní sùúrù. Lójú tèmi, ìtumọ̀ yẹn fúyẹ́ jù. Títú ni òwe sọ, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ojú sì ni títú; ẹni tó kàn jókòó kò ní rí ìfun kankan. Ohun tí òwe ń kìlọ̀ ni pé kí á má dájọ́ ohun tí a kò tíì yẹ inú rẹ̀ wò, pàápàá ohun kékeré tí a rò pé kò ní inú, nítorí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ a máa ṣe ìpalára.

Èèrà fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ní 1855 ni onímọ̀ kòkòrò Gustav Mayr sọ ẹ̀yà èèrà kékeré kan ní Monomorium. Irú tó wà nínú rẹ̀ ju 200 lọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, Monomorium pharaonis, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, síbẹ̀ ó ti di wàhálà fún ilé ìwòsàn káàkiri ayé, torí ó ń wọ inú báńdéjì, ó sì ń gbé kòkòrò àrùn kiri. Ẹni tó kánjú á fín oògùn. Àwọn tó wà níta á kú, ṣùgbọ́n ìyá èèrà pọ̀ nínú ilé wọn. Bí ìdààmú bá dé, wọn á pín ara wọn, wọn á kó ọmọ lọ dá ilé tuntun sílẹ̀ nínú ògiri mìíràn. Ẹni tó tú u wò ló mọ̀ pé èèrà ní àpò kan nínú, níwájú ibi tí oúnjẹ ti ń dà, tó ń gbé oúnjẹ olómi sí kí ó lè pọ̀ ọ́ fún àwọn tó kù nílé. Ìmọ̀ ìfun yìí la fi ń ṣẹ́gun rẹ̀: a ó po májèlé tí kì í tètè pani mọ́ oúnjẹ, èèrà fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá àti ìdin.

Ẹnìkan lè sọ pé aláìsàn tí èèrà ń gun egbò rẹ̀ kò lè dúró. Òótọ́ ni, kí á bo egbò náà lójú ẹsẹ̀. Ìyára ìdájọ́ ni òwe lòdì sí, kò lòdì sí ìyára ọwọ́. Àtakò tó dùn mí jù ni pé òwe yìí ni alágbára fi ń pa mẹ̀kúnnù lẹ́nu mọ́: owó oṣù kò dé, wọ́n ní kó fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí èèrà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òwe ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ṣí ìwé owó wò ló ń bá wí. Kò ní kí òṣìṣẹ́ náà dákẹ́.